Rìlé AC àti Rìlé DC: Ohun Tí Ó Ba Ẹja Ìyá Wa Jẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún, ní Port-Bouët)

  

Ní ọdọọdún, ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ ìnáwó òkú àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni alága máa ń sọ níbí. Akọ̀wé yóò ka ìyẹn fún yín tó bá yá. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni a fẹ́ bá yín sọ. A ti ń rí àwọn tó ń wo ara wọn pé, kí ló kan ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú iná? Ẹ fara balẹ̀. Owó jáde nínú àpò ẹgbẹ́ lọ́dún yìí nítorí nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja tútù ní Port-Bouët níbí ní fíríísà ńlá mẹ́ta. Nítorí pé iná ìlú lè lọ nígbàkígbà, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, oníṣẹ́ iná sì ṣe àpótí kan sára ògiri fún wọn. Iṣẹ́ àpótí náà ni pé bí iná ìlú bá lọ tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, àpótí á fúnra rẹ̀ gbé àwọn fíríísà sórí jẹnẹrétọ̀; bí iná ìlú bá dé, á gbé wọn padà. Rìlé kékeré kan wà nínú àpótí náà tó ń pe rìlé ńlá sí iṣẹ́. Èyí kékeré yìí ló bàjẹ́. Oníṣẹ́ iná yọ ọ́, ó fi lé ọmọ ìyá náà lọ́wọ́ pé kó lọ ra irú rẹ̀ wá. Ọmọ náà gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo ògbólógbòó, ó wo tuntun. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, 24 volt ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Ó tà á fún un.

Ẹ ó bi wá pé ṣọ́ọ̀bù ta ni. Ṣọ́ọ̀bù tiwa ni, ṣọ́ọ̀bù alága yín.

Wọ́n fi rìlé náà sí i, àpótí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Ìyá wa rò pé bí ẹ̀rọ tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n lọ síbi ìnáwó ní Treichville, wọ́n sùn síbẹ̀ ní alẹ́ méjì. Ìgbà tí wọ́n máa padà dé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Iná wà ní àdúgbò, jẹnẹrétọ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rìlé kékeré yẹn ti jóná, kò lè pe rìlé ńlá mọ́. Gbogbo ẹja inú fíríísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dà nù. Owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n fi ra ẹja náà. Orí ló bá wa ṣe é pé kò gbiná, nítorí pákó ni ògiri tí àpótí náà wà, ilé sì fẹ̀gbẹ́ ti ilé níbẹ̀.

A lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dìde. Ẹja ti lọ. Àmọ́ sọ fún mi, kí ni nǹkan tí ẹ tà fún mi gan-an?" A kò rí ìdáhùn kankan. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ta rìlé, a mọ iye tí à ń rà á àti iye tí à ń tà á, a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú tì wá ju bí ẹnu ti lè sọ lọ. Ẹgbẹ́ fi owó ìrànlọ́wọ́ gbé ìyá wa dìde, àwa náà san tiwa láti inú ọjà wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìwé tí a kà nílé ẹ̀kọ́ kò pọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. A wá àwọn ìwé tó ń bá ọjà wá, a jókòó ti àwọn àgbà oníṣẹ́ iná, a fọ́ rìlé tó ti kú bíi mélòó kan láti wo inú wọn. Ìdáhùn ìyá wa ni a mú wá síbí lónìí.

Ká tó lọ jìnnà, AC tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń pè ní AC nílé. Orúkọ irú iná ni. Irú iná méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ni DC, tí àwọn ará ibí ń pè ní courant continu. Inú bátìrì ló wà: bátìrì tọ́ọ̀ṣì, bátìrì ọkọ̀, àti èyí tó ń ti ara páńẹ́lì sólà jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà lọ, bí omi ẹ̀rọ tó ń ti inú páìpù bọ́ sínú korobá. Èkejì ni AC, tí wọ́n ń pè ní courant alternatif. Ìyẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ lọ dúró sí etí òkun wa níbí, ẹ wo ìgbì: á rọ́ wá, á tún rọ́ padà. Iná tí CIE ń pín kiri ilẹ̀ yìí láti 1990 ń lọ, ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Iná ilé wa ní Nàìjíríà náà, 50 ni. Ti Amẹ́ríkà, 60 ni.

Ẹ fi ọkàn sí ibi tó kàn yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọmọdé tó wà lórí jangirọ́fà, bó bá lọ síwájú tó fẹ́ padà sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró fún bíi ìṣẹ́jú kan ojú. Iná AC náà ń dúró bẹ́ẹ̀ kó tó yí padà. Nítorí pé ó ń dúró nígbà tó ń lọ, ó sì tún ń dúró nígbà tó ń bọ̀, ìgbà 100 ni iná CIE ń di òfo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò lè rí i. Rìlé mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé lè bi yín pé kí ló dé tí wọn kò fi gbogbo iná ṣe irú kan. Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí í fi DC tan iná fún àwọn ará New York ní 1882, àmọ́ iná rẹ̀ kò lè rin ọ̀nà jíjìn kó má rẹ̀ sójú ọ̀nà. AC ṣeé fi transfọ́mà gbé sókè kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn, a sì tún lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá dé ilé. Ìdí nìyẹn tó fi borí. CIPREL tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, tó wà ní Vridi nínú Port-Bouët tiwa yìí, gáàsì ló fi ń ṣe iná, AC sì ni iná tó ń ṣe. Ẹ̀yin tó ń gbé ní apá ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín ni iná ti ń jáde.

Ó kù kí a sọ ohun tí rìlé ń jẹ́, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní relais. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó dúró ti géètì ńlá. Ìpè kékeré ló ń gbọ́, géètì ńlá ló ń ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Henry, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1835, kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n ká mọ́ irin kan lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí iná bá wọ wáyà yẹn, irin náà á di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ra. Irin pẹlẹbẹ yìí ló ń mú kí ẹnu méjì pàdé, kí iná ńlá lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sí fíríísà tàbí ẹ̀rọ omi. Bí iná bá kúrò nínú wáyà, òòfà kú nìyẹn, sípíríǹgì á fa irin pẹlẹbẹ padà, ẹnu méjì á ya. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè fi han àwọn ọmọ yín: ẹ ká wáyà oníke mọ́ ìṣó ńlá, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan sí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa gbé píìnì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan o. Ẹni tó bá ki wáyà yẹn bọ iná ara ògiri ń wá wàhálà.

Bí ẹ bá ti lóye ìyẹn, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa. Transfọ́mà kékeré tó wà nínú àpótí wọn ń sọ iná 220 volt di 24 volt, ṣùgbọ́n AC náà ló ṣì jẹ́. Rìlé DC ni a tà fún wọn. Rìlé DC gbà pé iná tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun kò ní dúró. Nígbà tí AC wọ inú rẹ̀, òòfà rẹ̀ ń kú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jí ní ìgbà 100. Bó bá kú, sípíríǹgì á fẹ́ fa irin padà. Kó tó fà á dé ibì kan, òòfà á tún jí. Irin náà wá ń gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Gbígbọ̀n yẹn ni ìyá wa ń gbọ́ tó dà bí oyin. Ẹnu méjì tó yẹ kó pàdé ṣinṣin ń kan ara wọn gbà-gbà-gbà, iná ń ta pàrà láàárín wọn ní gbogbo ìgbà, ó ń jó wọn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi fara dà á.

Báwo wá ni rìlé AC ṣe ń ṣe tirẹ̀ tí kì í fi í gbọ̀n? Ìgbà tí a rí èyí, a rẹ́rìn-ín. Ẹ wo orí irin tó wà láàárín wáyà rìlé AC, ẹ ó rí òrùka bàbà kékeré kan tí wọ́n rì bọ apá kan rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Òrùka yẹn ń mú kí òòfà apá ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ẹ rántí bí ẹni méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan: nígbà tí ọmọ odó ẹnì kìíní bá wà lókè, ti ẹnì kejì ti wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òòfà méjèèjì ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ọ̀kan bá di òfo, èkejì ṣì di irin pẹlẹbẹ mú. Wọ́n tún máa ń fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n tò léra ṣe inú òòfà AC ńlá, kí ó má baà gbóná.

Àṣìṣe náà lè gba ọ̀nà kejì, ìyẹn sì burú lọ́nà tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi rìlé AC sórí bátìrì, kò ní kùn. Á di mú dáadáa, oníbàárà á dúpẹ́, á sì lọ. Láìpẹ́, wáyà inú rẹ̀ á jóná. Ìdí ni pé wáyà tí a ká mọ́ irin kì í fẹ́ kí iná tó wà nínú rẹ̀ máa yí padà. Bí AC ṣe ń lọ tó ń bọ̀, wáyà yẹn ń bá a jà, ìjà náà sì ń dín iná tó ń wọlé kù. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe rìlé AC kì í ká wáyà tó pọ̀ sí i bíi ti DC. DC kì í yí padà, wáyà kò rí ẹni bá jà, iná wọlé ní àwọ̀mọ́. A fi mítà wọn rìlé kékeré méjì tó jọra ní ṣọ́ọ̀bù, 24 volt ni méjèèjì. Ti AC jẹ́ bíi 180 ohm, ti DC bíi 650 ohm. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ akẹ́rù, bátìrì 24 volt ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń lò, DC sì ni. Bí ẹ bá ta rìlé 24 volt AC fún awakọ̀, iná tó máa wọ inú rẹ̀ yóò ju ìlọ́po méjì èyí tó yẹ lọ. Ẹ ò ní mọ̀ títí awakọ̀ yóò fi padà wá pẹ̀lú ìbínú, bó bá padà wá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù, ọ̀rọ̀ ẹnu rìlé ni, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí èèyàn wà. Ẹ wo ara rìlé, ẹ ó rí i pé àkọsílẹ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń jẹ́ méjì: 10 amp fún 250 volt AC, 10 amp fún 30 volt DC. Ẹnu kan náà ni o. Kí ló dé tí ti DC fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ẹnu méjì bá ń ya, iná máa ń fò láàárín wọn. Bó bá jẹ́ AC, iná yẹn á fúnra rẹ̀ kú nígbà tó bá dé ibi ìdúró jangirọ́fà. DC kò ní ibi ìdúró. Á máa fò lọ títí tí ẹnu méjèèjì fi máa yọ́ tàbí tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, tí ike ara rẹ̀ á sì gbiná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi páńẹ́lì sólà ránṣẹ́ sílé báyìí. Páńẹ́lì tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn mẹ́wàá lè mú iná DC tó ju 300 volt lọ wá sórí wáyà méjì. Ẹni tó bá ka 250 volt lára rìlé tàbí ṣíìsì tí kò wo irú iná tí wọ́n kọ sí i, tó gbé e sídìí irú wáyà bẹ́ẹ̀, ti ṣe ààrò sínú ilé bàbá rẹ̀. Àwa kò ta ṣíìsì sólà fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìbéèrè ibi tó ń gbé e lọ. Oníbàárà méjì ti bínú sí wa nítorí ìbéèrè yẹn. Kí wọ́n máa bínú.

Ti diode kò gùn. Bí a bá pa iná rìlé DC, òòfà tó ń kú á ta iná ńlá kan padà sẹ́yìn, ó lè ba ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ jẹ́. Diode ni wọ́n ń fi dá a dúró. Rìlé DC tó bá ti ní diode nínú ní ẹsẹ̀ plus àti ẹsẹ̀ minus, kò gbọ́dọ̀ ṣì. Wọn kì í so diode mọ́ wáyà rìlé AC bẹ́ẹ̀, nítorí á di pé iná kan ara rẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àmì ni wọ́n kọ, ojú ló ń kà á. Tí ẹ bá rí ilà kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìgbì òkun, AC ni. Tí ẹ bá rí ilà tó lọ tààrà, tí àwọn ilà kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀, DC ni. Nígbà mìíràn, CA tàbí CC ni wọ́n kọ, nítorí èdè Faransé. Ó kéré, wọ́n lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àti pé ibi méjì ni kí ẹ wò: irú iná tó ń pe rìlé, àti irú iná tó ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Wọ́n lè yàtọ̀ síra. Rìlé DC tó ń ṣí géètì fún AC pọ̀ lọ jàra, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí àmì bá ti parẹ́, ẹ má tà á. Ní Port-Bouët níbí, atẹ́gùn iyọ̀ òkun máa ń jẹ ẹsẹ̀ rìlé, ó ń jẹ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ náà. Rìlé tó bá ti pẹ́ lórí pẹpẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á nù.

Ọmọ iṣẹ́ wa tó ta rìlé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ní ká lé e lọ. Ta ni yóò wá lé àwa? Ohun tí a kò kọ́ ọ ni kò mọ̀. Òun gan-an ló dá a lábàá pé kí a fi ọ̀dà pupa kun ẹsẹ̀ pẹpẹ DC, kí a sì fi búlúù kun ti AC. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta ẹ̀yà iná kó rìlé tí kò dá lójú wá. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ iná wa yóò mú mítà wá, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tètè dé, torí àga kò pọ̀.

Ní ti ìyá wa, rìlé tó ní àmì ìgbì lára ló wà nínú àpótí wọn báyìí. Wọ́n ti tún ra ẹja. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ya ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ní àpótí náà ti dákẹ́ jù, pé àwọn máa ń dìde lóru lọ fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. A ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́, kí wọ́n kàn ṣí fíríísà wò.